Ẹ Kó Ẹrù Jáde Kí Ẹ Tó Sún Ògiri



Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ẹ̀pẹ́, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ. Ìyá yìí ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé, èyí tí ọmọ rẹ̀ rà fún un ní àlòkù. Orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ àti gbèsè tí oníkálukú jẹ ẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohùn ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé, níbi tí ó ti ń súre fún ọmọ-ọmọ wọn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nísinsìnyí kọ̀ǹpútà náà ń kígbe pé àyè ti kún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà sì fi hàn án pé apá kan ṣì ṣófo nínú rẹ̀. Ó gbé e tọ ẹnì kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ. Ẹni náà ní òun yóò fọ́ọ́màtì rẹ̀, yóò sì dà bí tuntun. Ìyá wa bi í pé, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin náà ní kí ó má ṣe ìyọnu. Ìyá wa kò gbà. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sílé, ó sì kọ̀wé sí wa.

Ìyá wa, ẹ ṣe ọlọ́gbọ́n. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó ní ilé-kéwú rí ni ó mọ wàláà. Bí wàláà bá kún, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó sì kọ ẹ̀kọ́ mìíràn sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ kéwú kì í fọ wàláà títí ohun tí ó wà lára rẹ̀ yóò fi wọ orí rẹ̀. Wàláà fífọ̀ ni fọ́ọ́màtì jẹ́. Ọkùnrin náà kò purọ́, kọ̀ǹpútà yín ìbá dà bí tuntun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tuntun kò ní ohùn bàbá nínú.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀nà náà ni kí a sún ògiri tí ó wà láàárín àwọn yàrá inú kọ̀ǹpútà náà, kí yàrá tí ó há lè gbòòrò, kí èyí tí ó ṣófo sì dín kù. Ó ṣeé ṣe láìsọ ohunkóhun nù. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ó ṣáájú gbogbo òfin, òun náà ni mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ mi: ẹ kó ẹrù jáde kí ẹ tó sún ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà tí a ń pè ní háàdì dísíkì. Àwo dídán kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀, tí ó ń yí bìrìbìrì. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ìgbà 5,400 tàbí ìgbà 7,200 ni ó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn lórí àwo náà láìfara kàn án. Orí apá yìí ni ó ń kọ̀wé, òun náà ni ó sì ń kà á. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú ti ìgbà náà, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ínǹṣì 24. Ó tóbi tó fìríìjì ńlá méjì, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù lẹ́tà 5 ni gbogbo ohun tí ó lè gbà. Àwòrán kan tàbí méjì tí fóònù òde òní bá yà lè kún un dẹ́nu. Lónìí gígábáìtì ni a fi ń wọn dísíkì, tí a ń gé kúrú sí GB, ọ̀kan rẹ̀ sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù lẹ́tà kan.

Ní 1983, nígbà tí kọ̀ǹpútà IBM PC XT jáde, àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ rí i pé ó yẹ kí a lè pín dísíkì kan sí yàrá mélòó kan. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ dísíkì, èyí tí ó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti gùn tó. Gbogbo àkọsílẹ̀ náà kò gba ju àyè lẹ́tà 64 lọ, lẹ́tà 16 fún ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ìpín 4 péré ni ó lè gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà nínú ilé wa ṣì ń lo ètò yìí.

Ẹ fi àkọsílẹ̀ yìí wé pèrègún tí àwọn bàbá wa ń gbìn sí ààlà oko. Pèrègún kì í ṣe oko. Bí ẹnì kan bá hú u, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ti ẹnì kan parí sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nígbà tí àkọsílẹ̀ dísíkì bá bàjẹ́: kọ̀ǹpútà yóò sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ẹrù wà ní ipò wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ìpín tí Windows ń gbé ni a ń pè ní C. Èkejì sábà máa ń jẹ́ D. Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tí C fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé ó kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó sanra. Windows XP tí ó jáde ní 2001 kò béèrè ju GB 1.5 lọ. Windows 7 tí ó jáde ní 2009 béèrè GB 16 tàbí 20. Nígbà tí ó fi di 2019, Windows 10 ti ń béèrè GB 32, kí a tó sọ̀rọ̀ ohun tí onílé fẹ́ fi sí i. Ìpín GB 40 tí ó jẹ́ ààfin nígbà kan wá di yàrá tí a kò lè nasẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ nílò àtisún ògiri rárá. Ohun gbogbo tí a bá tọ́jú sí Desktop, sí Documents tàbí sí Pictures, inú C ni ó sábà máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán àti ohùn ni ó kún C, ẹ dà wọ́n kọ sínú D, ẹ ṣí wọn wò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó pa ti C rẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, iṣẹ́ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ gbé àwọn ètò iṣẹ́ tí a fi sínú C lọ sí D, wọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, tí C sì ń ké síbẹ̀síbẹ̀, a jẹ́ pé ògiri ni yóò sún.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Kí a sọ pé wọ́n kọ GB 250 sí ara dísíkì yín. Windows yóò sọ pé 232 ni. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ yín jẹ: ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ẹni tí ó ṣe dísíkì fi ń kà á, 1,024 ni Windows fi ń kà á. Kí a sọ pé C jẹ́ GB 40, D sì jẹ́ 192. A fẹ́ kí C di 100, kí D sì di 132.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista ní 2007 ni Windows fúnra rẹ̀ ti lè dín ìpín kù, kí ó sì tún fẹ̀ ẹ́ lójú. Ènìyàn á gé GB 60 kúrò lára D, á lọ sórí C pé kí ó gbà á, C á sì kọ̀. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́. Ẹ fi wé ilé tí yàrá rẹ̀ tò lọ gbọọrọ. Yàrá kìíní ni C, yàrá kejì ni D. Bí Windows bá dín D kù, ẹ̀yìn D ni ó ti ń gé e, ìyẹn ni pé àyè òfìfo náà yóò bọ́ sí ìkangun ilé. Yàrá kìíní kò lè fo yàrá kejì kọjá lọ gba àyè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àyè tí ó bá fara kan ògiri rẹ̀ ní apá ọ̀tún nìkan ni C lè gbà.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti borí èyí. Èkíní ni ètò iṣẹ́ bíi GParted, tí a kì í sanwó fún, tí a sì lè tan kọ̀ǹpútà láti inú fláṣì lò ó. Yóò gbé gbogbo D lódindi, yóò sún un lọ sí apá ọ̀tún. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí dísíkì àtijọ́, bí iná bá sì lọ nígbà tí ó ti gbé ìdajì, ìdajì kan á wà ní ibi tuntun, ìdajì kan á wà ní ibi àtijọ́. NEPA kò sí mọ́ láti 2005, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa, ẹ sì mọ ohun tí ó fà á. Ọ̀nà kejì ni èmi fẹ́ràn fún àwa tí a wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: kí a kó ẹrù D jáde, kí a wó D, kí a fẹ C lójú, kí a tún D kọ́ ní kékeré, kí a sì kó ẹrù padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wíwó àti kíkọ́ ń gbà. Ẹni tí ń lo Windows XP kò lè fẹ C lójú láti inú rẹ̀. Kí ó wá ẹni tí ó mọ GParted.

Bí a óò ṣe é nìyí.

Èkíní, ẹ kó ẹrù jáde. Ẹ ra dísíkì àgbékárí tàbí fláṣì tí ó tóbi tó. Ẹ da ohun gbogbo tí ó wà nínú D kọ sí i, ẹ sì da Desktop, Documents àti Pictures inú C kọ pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ yìí yóò fọwọ́ kan ilé wọn. Lẹ́yìn náà ẹ kà wọ́n. Bí ẹ bá fi bọ́tìnì apá ọ̀tún mouse tẹ orí fóódà kan, tí ẹ yan Properties, yóò sọ iye fáìlì tí ó wà níbẹ̀. Iye náà gbọ́dọ̀ bá ara mu ní ibi méjèèjì. Ẹ gbé dísíkì náà lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí àwòrán wò níbẹ̀. Ìyá wa, ẹ gbọ́ ohùn bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò kì í ṣe ẹ̀dà.

Èkejì, ẹ dẹtí sí dísíkì náà. Bí ó bá ń ró ká-ká-ká bí ẹni ń ta àtàrí ìlẹ̀kùn, tàbí tí ó ń pẹ́ gan-an kí ó tó ṣí fáìlì kékeré kan, ẹ má sún ògiri kankan. Ilé tí ó fẹ́ wó ni. Ẹ kó ẹrù jáde, kí ẹ sì ra dísíkì mìíràn. Bí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ tẹ orí C pẹ̀lú bọ́tìnì apá ọ̀tún, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Tools, kí ẹ ní kí ó yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún D pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú iná. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà àgbélétan, kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ó sì wà lára iná. Bí ó bá jẹ́ ti orí tábìlì, ẹ wá UPS tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí ẹ mọ̀ pé iná sábà máa ń lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ dísíkì tí ẹ kó ẹrù sí kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Tí ó bá wà níbẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀dà yín gan-an ni ẹ ó ṣèèṣì pa rẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi bọ́tìnì apá ọ̀tún tẹ orí Computer, ẹ yan Manage, lẹ́yìn náà Disk Management. Ẹ ó rí àwọn yàrá náà tí wọ́n tò lọ. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìpín kékeré kan tí a kọ Recovery sí láàárín C àti D, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí, ẹ tẹ orí D, ẹ yan Delete Volume. Àyè náà yẹ kí ó di dúdú, kí a kọ Unallocated sí i. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ni ó ṣì yí i ká, tí a kọ Free space sí i, ẹ tún un parẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i títí yóò fi di dúdú, nítorí C kò lè gba àyè tí ó wà nínú ọgbà àwọ̀ ewé yẹn. Ẹ wá tẹ orí C, ẹ yan Extend Volume, ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ fi kún un. MB ni ó ń béèrè, kì í ṣe GB: GB 60 jẹ́ 61,440. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ orí àyè dúdú tí ó kù, ẹ yan New Simple Volume, kí ẹ sì fún un ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́, D, kí àwọn ètò iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n lè rí i. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè níbikíbi pé ṣé kí òun sọ dísíkì náà di dynamic, ẹ dáhùn pé No.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kó ẹrù padà sínú D, ṣùgbọ́n ẹ má pa ẹ̀dà ti ìta rẹ́.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé, àwòrán mi kò lè sọnù, mo fi ọ̀kan sí C, mo fi ọ̀kan sí D. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti ẹ̀yin ará Ebúté ní Ìkòròdú mọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lórí ọ̀sà, ẹrù iwájú àti ẹrù ẹ̀yìn ni yóò jọ lọ sí ìsàlẹ̀ omi. C àti D, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Pípín kì í ṣe pípamọ́. Bí ìyá kan bá ní ọmọ ní Ìkòròdú, kí ẹ̀dà kan bá ọkọ̀ gba Ìtòìkín lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ó ṣòro kí iná jó ilé méjèèjì ní ọjọ́ kan náà.

Bí ìjàm̀bá bá ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ka ìwé yìí ńkọ́? Ẹ rántí pèrègún. Bí ó bá jẹ́ pé ìpín ni a ṣèèṣì pa rẹ́, ààlà ni a hú, oko lè wà síbẹ̀. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́, nítorí ohun tuntun tí a bá kọ ni yóò gba orí ti àtijọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ TestDisk, ètò iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Christophe Grenier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ. Yóò wá ààlà àtijọ́ kiri lórí dísíkì, bí ó bá sì rí i, yóò tún pèrègún gbìn. Fọ́ọ́màtì ni ó le jù. Láti Windows Vista ní 2007, bí a bá fọ́ọ́màtì láìyan Quick Format, òdo ni Windows yóò kọ bo gbogbo ìpín náà láti orí dé ìsàlẹ̀. Wàláà ti di fífọ̀ nìyẹn, TestDisk kò lè rí nǹkan kà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akọ̀wé mọ́sálásí pẹ̀lú. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni ìwé orúkọ àwọn tí a so yìgì fún wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, àti orúkọ àwọn òkú tí a sin. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí opó kan yóò wá béèrè ẹ̀rí pé aya ni òun jẹ́. A kò gbọdọ̀ dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà kún, a sì ti fọ́ọ́màtì rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni a máa ń da ìwé náà kọ sí fláṣì méjì, ọ̀kan ń gbé mọ́sálásí, ọ̀kan ń bá akọ̀wé lọ sílé.

Nítorí náà, ìyá wa tí ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹ ra dísíkì àgbékárí, kí ọmọ yín jókòó tì yín, kí ẹ tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ bi í pé: ẹ̀dà dà? Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà yín lé e lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.